Ibùdó ọkọ̀ orí wáyà lórí òkè: ṣé ká fi bóòtù dè é ni, àbí ká fi iná jó o pọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ irin, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí ní Áústríà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sí ikọ̀ tó máa to irin ibùdó òkè fún ọkọ̀ orí wáyà, níbi tí títì ò dé. Hẹlikópítà ló máa gbé gbogbo rẹ̀. Hẹlikópítà Ka-32 lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, agbára rẹ̀ á dín kù. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ gé irin sí wẹ́wẹ́, oríkèé, ìyẹn ibi tí irin ti pàdé irin, á sì pọ̀.

Oríkèé yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn. Bóòtù ni mo fara mọ́. Bí a bá jó irin pọ̀ nínú òtútù, ojú ibi tí a jó máa ń tutù kíákíá, ó sì lè sán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí èèyàn ló máa wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bóòtù náà fẹ́ kí ihò bára mu, irin mítà 30 sì ń fi nǹkan bíi mílímítà 18 gùn tàbí kúrú bí ojú ọjọ́ bá yí ní ìwọ̀n 50 lórí Celsius.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí: ṣé ẹ máa ń tò ó tán nísàlẹ̀ kí ẹ tó tú u gbé gòkè? Oríkèé wo lẹ máa ń lu ihò gígùn sí, kí bóòtù lè ráyè sún? Irin onípò S355J2 ni wọ́n kọ fún wa, ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius ni wọ́n ti ń lù ú dán wò bóyá ó máa ṣẹ́. Ṣé kí n tẹnu mọ́ S355NL, tí wọ́n ń dán wò dé 50 sísàlẹ̀ òdo?