Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ onírun: mo ti rí ìdáhùn o

Ẹ rántí pé mo ní bàbá àgbà mi n'Íjẹ̀bú-Igbó máa ń sọ pé òyìnbó kan lọ kó ọ̀pọ̀lọ́ tó nírun lára lódò orí òkè ní Kamẹrúùnù, tẹ́ ẹ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Òótọ́ ni o! Gerald Durrell, òyìnbó tó máa ń kó ẹranko jọ, ni, Bafut ní Kamẹrúùnù ló lọ, 1949. Akọ ẹ̀ ló ń hu nǹkan bí irun yẹn tó bá ń ṣọ́ ẹyin nínú omi, awọ ni ṣá, wọ́n ní ó ń ràn án lọ́wọ́ láti mí. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù tí gààrí mi fi wú sínú ife ni pé tẹ́ ẹ bá gbá a mú, á ṣẹ́ egungun ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀, egungun ọ̀hún á gún awọ yọ bí èékánná. Bàbá ò sọ ìyẹn fún wa. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n lọ sùn, ẹ kú ilé o.