Ẹ jẹ́ ká fi "ìwà ipá" sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́: ọ̀rọ̀ wo la ó lò fún "aggression" nínú ìfẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ lórí Otto Kernberg, onímọ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn (psychoanalysis), sí Yorùbá. Gbólóhùn kan ló há wọn lọ́fun, èyí tó sọ pé ìfẹ́ tó dàgbà láàrin tọkọtaya kò lè ṣàìní "aggression" nínú, ìyẹn agbára inú ọkàn tó ń mú ènìyàn fẹ́ kọlu ẹlòmíràn. "Ìwà ipá" ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan dáhùn pé "ìfínràn" ló yẹ; àbúrò wa kan ní "ìbínú" ti tó, kí la tún ń wá? Lójú tèmi, kò sí èyí tó gbé e nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àkọ́kọ́ sì léwu.

Ẹ jẹ́ n ti ibi ewu yẹn bẹ̀rẹ̀. Ìwà ipá ti nílé tirẹ̀. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2007 láti dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé, àti ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2015 lórí ìwà ipá sí ọmọnìyàn, ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti adájọ́. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní "ìwà ipá láàrin lọ́kọláya" lórí rédíò, ẹ̀ṣẹ́ àti ìgbátí ló ń wá sí wa lọ́kàn. Wàyí o, ẹ fi í sínú gbólóhùn yẹn, kí ẹ gbé e fún obìnrin tí ojú rẹ̀ ṣì wú: "Ìfẹ́ tó dàgbà kò lè ṣàìní ìwà ipá nínú." A ti bá ẹni tó lù ú gba lọ́yà ọ̀fẹ́ nìyẹn, a sì ti purọ́ mọ́ Kernberg.

Ọmọ Vienna ni Kernberg. 1928 ni wọ́n bí i. Ní 1939 òun àti àwọn òbí rẹ̀ sá fún ìjọba Násì lọ sí Chile, kó tó wá di ìlúmọ̀ọ́ká nínú ìtúpalẹ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwé tó kọ lórí ìfẹ́ ní 1995, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé bí ènìyàn méjì bá sún mọ́ra tán, gbogbo ohun tí wọ́n bá òbí wọn fà ní kékeré á jí, kálukú á sì fẹ́ máa bá ẹnìkejì parí ẹjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò bi wá bóyá "aggression" wà nínú ìfẹ́. Ó wà. Èwo ló gbé èkejì mì ni ìbéèrè rẹ̀. Bí ìfẹ́ bá gbé e mì, á di agbára fún ìfẹ́: òun ló ń fún ibùsùn ní ìtara, òun ló ń jẹ́ kí aya lè sọ fún ọkọ pé "rárá" kí ilé má tú. Bí òun bá gbé ìfẹ́ mì, ibẹ̀ ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé nǹkan méjì ni ojú ìwé kan náà ń dárúkọ. Bí a bá ti ná "ìwà ipá" sórí àkọ́kọ́, kí ló kù fún èkejì?

"Ìfínràn" sàn díẹ̀, àmọ́ ìṣe ojúkojú ni. Nígbà tí ẹbí bá jókòó, wọ́n á bi í pé ta ló kọ́kọ́ fín ẹnìkejì níràn, wọ́n á sì rí ẹni tọ́ka sí. Ohun tí Sigmund Freud, ẹni tó dá ìtúpalẹ̀ ọkàn sílẹ̀, àti àwọn tó tẹ̀ lé e ń sọ wà nínú ẹni tó ń sùn, tí kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkankan. "Ìbínú" ní tirẹ̀ kéré jù: Kernberg fúnra rẹ̀ ya ìbínú sọ́tọ̀ kúrò lára ìkórìíra, ó sì ya méjèèjì kúrò lára ìlara. Ìbínú a máa ru, a sì máa rọ̀; ìkórìíra a máa jókòó ṣètò. Bí a bá fi orúkọ ọmọ pe bàbá, a ò ní rí orúkọ pe ọmọ mọ́.

Ẹnìkan tún dá "ẹ̀mí ìjà" lábàá. Ó dùn létí, kí ẹ sáà má gbàgbé pé ilé ìjọsìn wa kún fún àwọn tó ń lé ẹ̀mí ìjà jáde. Èyí tí a ń sọ yìí kò ṣeé lé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni "ìjà" lásán. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìṣe ojúkojú nìyẹn náà. Kì í ṣe dandan. Ìjì ń jà, Ṣọ̀pọ̀nná ń jà: kò sí ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, agbára tó ń bì síwájú ni. Èyí sì sún mọ́ orírun ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, torí "aggredi" lédè Látìnì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí i kí ènìyàn gbẹ́sẹ̀ lọ bá ẹnìkan. Winnicott, dókítà ọmọdé tó tún jẹ́ onítúpalẹ̀ ọkàn ní London, gbà pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ, díẹ̀ ló ya nǹkan yìí sí ìmìra lásán, bí i ti ọlẹ̀ tó ń sọ nínú ìyá rẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá a rìn: a máa ń parí ìjà láàrin àwọn tó fẹ́ràn ara wọn, a sì máa ń jà fún ẹni tí a fẹ́. Ta ló ń hu ìwà ipá *fún* olólùfẹ́ rẹ̀?

Bí ó bá di pé a nílò ọ̀rọ̀ fún "Trieb" tí Freud ń lò lédè Jámánì fún ohun tó ń ti ènìyàn láti inú wá, "ìsúnniṣe" ti wà lẹ́nu wa. "Ìsúnnijà" kò ní ṣòroó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyára mú wa. Alfred Adler, dókítà tó wà nínú ẹgbẹ́ Freud nígbà náà, dá ìsúnnijà lábàá ní 1908, Freud ò gbà fún un. Ó di 1920 kí òun náà tó gbé ìsúnni ìparun kalẹ̀, ní 1930 ló sì jẹ́wọ́ pé òun ta kò ó nígbà tóun kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tó wà nílẹ̀ ni "Ambivalenz", tí Eugen Bleuler, dókítà àrùn ọpọlọ, mú wá ní Switzerland ní 1910. Mo rí i pé wọ́n kọ "iyèméjì". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Oníyèméjì kò mọ èyí tí yóò mú. Ẹni tí Bleuler ń sọ ti mú méjèèjì, ó sì dì wọ́n mú ṣinṣin: ó fẹ́ aya rẹ̀ tán, ó kórìíra rẹ̀ tán. Èdè wa ti ní ìlà tí a ó kọ ọ́ sí, nínú tìlù-tìfọn àti tẹrú-tọmọ. "Ọkàn tìfẹ́-tìkórìíra" ni mo mú wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àjèjì lèrò yìí sí wa, kó tún òwe kan gbọ́: "Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́." Ta ló dárúkọ ikú? Ní 1925 Freud kọ ọ́ pé ohun tí ọkàn ti tì mọ́lé lè jáde síta bí a bá ti fi "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí i. Àwọn tó pa òwe yẹn ti rí ikú nínú ìjà olólùfẹ́, wọ́n fi "kọ́" dè é. (Àlàyé tèmi ni o; onímọ̀ òwe lè bá mi jà.)

Ó ku èyí tí wọ́n ń pè ní "projection", kí ènìyàn máa rí ohun tó wà nínú ara rẹ̀ lára ẹlòmíràn. "Ó fi ọ̀ràn ara rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn" ti ṣe é fún wa, nítorí náà "ìfikọ́nilọ́rùn". Nínú àpilẹ̀kọ Freud ti 1922 lórí owú, oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ọkọ tí ojú rẹ̀ ń yà síta ló ń fi àgbèrè kan aya rẹ̀. Ó fi í kọ́ ọ lọ́rùn, ó wá ń bá a jà lé e lórí.

Gbólóhùn ẹ̀gbọ́n á wá kà báyìí: "Ìfẹ́ tó dàgbà láàrin tọkọtaya kò lè ṣàìní ìjà nínú, bí ìjà bá gbé ìfẹ́ mì ni ìwà ipá ń wọlé." Bí ọ̀rọ̀ tó ju "ìjà" lọ bá wà lẹ́nu ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, Èkìtì tàbí Kétu, ẹ gbé e wá kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà jáde.