Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: yunifásítì tó ràn mí lọ́wọ́ ti fẹ́ gba iṣẹ́ mi

Olùbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, n kò tíì rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe ẹ̀wù kan tí agbábọ́ọ̀lù máa ń wọ̀ sábẹ́ jẹ́sì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, láàárín èjìká méjèèjì, tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tó sì ń ka bí ọmọ náà ṣe sáré jìnnà tó àti bí eré rẹ̀ ṣe yá tó. Ti òyìnbó wà, àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń tà á. Kóòṣì wo ló fẹ́ rà á níbí?

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, òógùn wọ inú ẹ̀rọ, ó kú. Mo fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dì í, mo fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó tún kú. Àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba ló rán ẹ̀wù àkọ́kọ́, àwọn ọmọkùnrin yẹn ní kọ́mú ni, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo fara dà á.

N kò ní purọ́, yunifásítì tí a lọ bá nípìnlẹ̀ Oǹdó yìí gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún wa ní yàrá, wọ́n fún wa ní pápá, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn la fi dán an wò, àwọn tó ti jáde níbẹ̀ sì dáwó fún wa. Ní báyìí tí àwọn kan láti Èkó fẹ́ fowó sí i, yunifásítì pè mí sípàdé, wọ́n ní ti àwọn ni, pé kí n wá fọwọ́ síwèé. Ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀ kò tiẹ̀ ní kí n jókòó. Èmi tí mò ń fi owó àpò mi ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ yẹn! Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n lọ kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀ lóru. Kí ni kí n ṣe?

Kóòṣì Ìjọ̀kà: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé eegun. Mo ní ọmọ kan tó ń gbá àárín fún mi lọ́dún kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bọ́ọ̀lù mọ̀ pé irú wọn lè sáré kìlómítà 10 sí 12 nínú ìṣẹ́jú 90. Ó ní ó ti rẹ òun, mo ní ọ̀lẹ ni. Kò pẹ́ tí a wọ abala kejì, iṣan itan rẹ̀ já, mo gbọ́ igbe rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ká ní mo ní irú ẹ̀wù yìí ni, mi ò bá ti yọ ọ́. Èló lò ń tà á?

Ìyá Ìbejì: Kóòṣì, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọ mi, ṣé ẹ fọwọ́ síwèé kankan kí ẹ tó wọ yàrá yẹn?

Ọmọ Ọ̀yẹ̀mẹkùn: Ìwé kí ni? Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á jẹ́ kí o jìyà tán kí wọ́n tó yọjú. Lọ kó ẹrù ẹ lálẹ́ yìí, kí ilẹ̀ má mọ́ bá ẹ níbẹ̀.

Bọ̀dá Lọ́yà: Ẹ má kó nǹkan kan lóru o! Ohun ìní yín lè di ẹjọ́ olè mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ dá mi lóhùn ná: akẹ́kọ̀ọ́ ni yín níbẹ̀ àbí òṣìṣẹ́? Ta ló forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀? Ṣé ẹ ti forúkọ patent sílẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fi ń dáàbò bo ohun tí èèyàn hùmọ̀? Ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lòfin patent ń wò, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Kóòṣì, a kò tíì máa tà á. Mà, a kò kọ ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, wọ́n ń pè mí lọ́mọ wọn nígbà yẹn. Mo forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023, èmi nìkan. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Patent, owó ni kò jẹ́.

Ọmọ Èkìmọ̀gún: Kí yunifásítì bèèrè ìpín kì í ṣe ìwà burúkú. Catapult, tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńláńlá ń lo ẹ̀wù wọn, Ọsirélíà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, látinú iṣẹ́ tí wọ́n bá ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ìjọba ibẹ̀ ṣe. Ó sì di ilé-iṣẹ́ tó dá dúró.

Ọmọ Ọ̀yẹ̀mẹkùn: Ṣé Ọsirélíà la wà ni?

Ọmọ Èkìmọ̀gún: Àkúrẹ́ la wà, mo mọ̀. Ta ló fún un ní yàrá, ta ló ń san owó iná?

Bọ̀dá Lọ́yà: Ẹ jọ̀ọ́. Olùbéèrè, ẹ kò dáhùn ìbéèrè mi àkọ́kọ́. Ohun mìíràn tí mo rí: ẹ ní wọ́n fún “wa” ní yàrá, àwọn tó jáde dáwó fún “wa”. Nígbà tó kan CAC, ó di “èmi nìkan”. Ta ni ìkejì yín?

Olùbéèrè: (lẹ́yìn wákàtí méjì) Ó dáa. Òṣìṣẹ́ láàbù ni mí níbẹ̀, wọ́n ń san owó oṣù fún mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn aago mẹ́rin ni mo máa ń ṣe é, àti ní Sátidé! Ìkejì mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà yẹn, òun ló kọ ètò tó ń ṣírò eré sísá náà. Agùnbánirọ̀ ni, ó wà ní Sókótó nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀. Ìdíje kan ló fẹ́ parí, wọ́n ní ká mú ìwé CAC wá, n kò ráyè dúró dè é. Mo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ kún un. Kò tíì mọ̀.

Kóòṣì Ìjọ̀kà: Háà.

Ìyá Ìbejì: Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ẹ lo ti ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Má bínú sí mi o, mo ní láti sọ ọ́. Owó tí àwọn tó jáde dá ńkọ́, ẹ̀bùn ni àbí wọ́n ń retí ìpín?

Olùbéèrè: Ẹ̀bùn ni, mà. Mo rò pé ẹ̀bùn ni.

Bọ̀dá Lọ́yà: Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ti agbanisíṣẹ́ ni lójú òfin patent. Àmọ́ tí ìwé iṣẹ́ yín kò bá ní kí ẹ hùmọ̀ nǹkan, tó jẹ́ pé irinṣẹ́ wọn lẹ fi ṣe é, òfin kan náà ní kí wọ́n san owó tó tọ́ fún yín. Torí náà ẹ wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín jáde lónìí, kí lọ́yà kà á ní ojú yín. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní ọ́fíìsì tí NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, dá sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ bá wọn, kì í ṣe ọ̀gá tí kò ní kí ẹ jókòó. Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ pe ọmọ yẹn. Tí yunifásítì bá kọ́kọ́ pè é, ó parí.

Ọmọ Ọ̀yẹ̀mẹkùn: Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Má kó ẹrù o.

Olùbéèrè: Mo pè é, kò gbé e. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́.

Olùbéèrè: Ó ti pè padà. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá bátìrì ṣì ń gbóná. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Ó ní òun ń bọ̀ l'Ákùúrẹ́ lọ́jọ́ Fráídè.

Ìyá Ìbejì: Lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì. Mú ìwé CAC yẹn dání.