Ọmọ ọdún mélòó la lè fi gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ fún nílé?

Ìyá Tóbi: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ọmọ ọdún 13 sí 16 tó máa ń ti ilé ìwé dé kí ìyá tó ti ọjà dé, kí lẹ fi ń mọ̀ pé ó ti tó ẹni tí a lè fi gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ fún?

Alágáàsì: Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, ẹ fi ti ọjọ́ orí sílẹ̀. Ṣé ó ń ṣáná kó tó tú gáàsì, àbí ó ti tú u tán kó tó máa wá ìṣáná? Bó bá sè tán, ṣé orí sílíńdà ló kọ́kọ́ ń tì, kí èyí tó kù nínú rọ́bà jó tán kó tó pa sítóòfù? Sítóòfù nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń pa, gáàsì á wà nínú rọ́bà mọ́jú. Ẹ tún ní kó po ọṣẹ mọ́ omi, kó fi kànrìnkàn pa á sára rẹgulétọ̀ àti gbogbo ara rọ́bà. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Èyí tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ fún oṣù kan láìjẹ́ pé ẹ rán an létí, ọwọ́ rẹ̀ ti tó.

Bàbá Àdùkẹ́: Ẹ má fi ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò láéláé o!

Àǹtí Bísí: Alágáàsì, bó bá wọlé tó gbóòórùn rẹ̀ ńkọ́?

Alágáàsì: Kó má fọwọ́ kan swíìṣì, ì báà ṣe láti tàn án tàbí láti pa á. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, torí náà kó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, fèrèsé nìkan ò tó. Kó ti orí sílíńdà, kó kó àwọn àbúrò rẹ̀ jáde. Ìta ni kó ti pè yín.

Mẹkáníìkì: Jẹnẹrétọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Èéfín rẹ̀ ní èyí tí ojú ò rí, tí imú ò gbọ́, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Kì í ṣe kọ́rídọ̀, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé. Mítà 6 sí ilé, ó kéré tán. Epo tán? Kó pa á, kó jẹ́ kó tutù dáadáa kó tó bu òmíràn sí i. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ọ́ìlì mọ́ epo, tí ìwé rẹ̀ bá ní 1 sí 50, lítà 4 epo á gba mìlílítà 80 ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá kéré, písítìn á há.

Bàbá Àdùkẹ́: Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin mú jẹnẹrétọ̀, kí obìnrin mú gáàsì.

Àǹtí Bísí: Rárá o, Bàbá Àdùkẹ́. Bó bá ku ọkùnrin nìkan nílé, ṣé ebi ni kó máa pa á? Obìnrin náà sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pa jẹnẹrétọ̀ lójijì.

Bàbá Àdùkẹ́: Ó yé mi, ṣùgbọ́n okùn yẹn le.

Mẹkáníìkì: Agbára kọ́, sà. Kí ó ti ṣóòkù, kó fa okùn díẹ̀díẹ̀ títí á fi le lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kó ti fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 14 á ṣe é.

 

Ìyá Tóbi: Mo dúpẹ́ o. Bí òróró bá gbiná lórí ààrò ńkọ́?

Alágáàsì: Kó má da omi sí i, kó má sì gbé ìkòkò náà! Kó pa gáàsì bí ọwọ́ bá tó o, kó rọra fi ọmọrí dé e, kó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi tutù.