Màlúù jẹ oko mi tán, èmi ni wọ́n tún fìwé pè sí kóòtù

Ìyá Tọ́lá (Ilé-Ifẹ̀): Ẹ̀yin ará mi, omijé ni mo fi ń kọ eléyìí. Lóru Sátidé ni àwọn darandaran kó màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ mi, éékà méjì. Wọ́n jẹ ewé, wọ́n tẹ ebè mọ́lẹ̀, wọ́n jẹ àgbàdo tí mo gbìn sáàárín rẹ̀. Owó alájẹṣẹ́kù ni mo fi dá a, n kò tíì san ìdajì. Tọ́lá ń retí owó iléèwé. Ọkọ mi tó yẹ kó bá mi kẹ́dùn, ó ní ṣebí òun ti sọ fún mi. Mo lọ fẹjọ́ sùn, ìwé kóòtù ni mo gbà lánàá. Ṣé kò sófin mọ́ ní Ọ̀ṣun ni?

Ọ̀ṣọ́mààló: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Òfin wà. Ní oṣù karùn-ún 2021 ni àwọn gómìnà Gúúsù fẹnu kò ní Asaba pé kí dída ẹran jẹ̀ kiri dópin, Ọ̀ṣun náà sì ṣòfin tirẹ̀. Ẹ ya fọ́tò, kí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba wá ṣírò ohun tó bàjẹ́, kí ẹ sì lọ bá Àmọ̀tẹ́kùn. Kòkó tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ lẹ́yìn Iléṣà ni wọ́n tẹ̀ pa. N kò ya fọ́tò. Nígbà tí a dé iwájú baálẹ̀, n kò rí nǹkan kan fi hàn. Ó ṣì ń dùn mí.

Àgbẹ̀dọlá: Fọ́tò kẹ̀! Ẹ ṣá ọ̀kan nínú ẹran wọn, wọn ò ní padà wá.

Bàbá Kékeré: Irú ìmọ̀ràn yìí ló ń tú ìlú. Ẹni tó bá ṣá màlúù ni yóò sanwó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ sàríkí wọn ni kí ẹ lọ.

Àgbẹ̀dọlá: Ẹni tí kò lóko ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́yà Mọ̀ọ́rè: Ìyá, ta ló pè yín lẹ́jọ́? Kí ni wọ́n ní ẹ ṣe? Ibo gan-an ni oko náà wà?

Ìyá Tọ́lá: Mo ya fọ́tò. Sàríkí ní ẹran náà kì í ṣe tàwọn, wọ́n ń kọjá lọ ni.

Lọ́yà Mọ̀ọ́rè: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ìyá Tọ́lá: Inú igbó ìjọba ni. Àwa bí ogún la ń dáko níbẹ̀. Mo sanwó nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún mi níwèé. Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, àmọ́ ta ló ń tún un gbà? Ibi tí mo ti ń rojọ́ màlúù ni wọ́n ti bi mí níwèé oko. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó ló pè mí lẹ́jọ́. Ṣé olè ni mo jà? Kò sí igi gidi kan níbẹ̀ mọ́!

Ọ̀ṣọ́mààló: Háà, ìyá. Èyí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ.

Lọ́yà Mọ̀ọ́rè: Ẹjọ́ méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Darandaran náà kò láṣẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kò pa tiyín rẹ́. Ẹ wá ìwé àtijọ́ yẹn rí. Ẹ má sọ fún adájọ́ pé ẹ jẹ̀bi tàbí ẹ ò jẹ̀bi kí lọ́yà tó gbọ́ tẹnu yín. Bí kò bá sówó, Legal Aid, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wà ní Òṣogbo.

Ìyá Tọ́lá: Ọjọ́bọ̀ ni kóòtù. Ẹ̀gẹ́ tó kù nílẹ̀ ńkọ́, ṣé mo lè lọ fà á tu lọ́la?

Lọ́yà Mọ̀ọ́rè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ibẹ̀.