Èjìká màmá mi ti gan: ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí fisiọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Wọ́n ti lé ní ẹni 50 ọdún, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èjìká òsì ti ń dùn wọ́n. Ní báyìí, wọn ò lè nawọ́ fi aṣọ kọ́ mọ́. Gèlè gan-an, èmi ni mò ń bá wọn wé e. Òru ló burú jù.

Dókítà ní kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, ó wá rọra ń yí apá wọn síta. Kò lọ rárá, bí ilẹ̀kùn tó há. Ó ní èjìká ti gan nìyẹn, pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn alátọ̀gbẹ. X-ray ò fi nǹkan kan hàn. Ó ní kí wọ́n yan èyí tí wọ́n bá fẹ́: abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tó ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀) sínú oríkèé, tàbí fisiọ́ (ìdárayá tí wọ́n fi ń na apá díẹ̀díẹ̀). Abẹ́rẹ́ yẹn lè gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ mélòó kan, òun ló ń kọ mí lóminú.

Àǹtí mi ní ká lọ bá àwọn tó ń to eegun kí wọ́n fà á. Èmi ò gbà o, eegun kankan ò sá kán.

Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ tó ti gba abẹ́rẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ṣọ́ ṣúgà yín? Ẹni tó sì ṣe fisiọ́ nìkan, ṣé apá padà gbé?