Wíwo ẹyẹ pẹ̀lú amọ̀nà nínú igbó Ghana: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, báwo ló ṣe máa ń rí?

Ọmọ Ògùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́fà la fẹ́ lọ wo ẹyẹ ní Ghana: ọgbà igbó Kakum lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà abúlé Bonkro, nítorí ẹyẹ olórí pípá tó ń gbé ara àpáta. A ti bá amọ̀nà kan sọ̀rọ̀, ó sì ti dá iye lé wa. Báwo ló ṣe máa ń rí, kí ló sì máa ń bà á jẹ́ mọ́ àlejò lọ́wọ́? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún wa pé ibẹ̀ dára, a ti rí fọ́tò.

Ará Tema:
Aago ni. Gbogbo ayé ló ń gun afárá orí igi Kakum. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn ọmọ iléèwé á ti kún ibẹ̀, ariwo á sọ, ẹyẹ á sì wábi gbà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹyẹ, kó ti wà lókè láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́fà ààbọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ọgbà máa ń gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀nà gbọ́dọ̀ ti bá wọn ṣètò ṣáájú, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí owó ìwọlé lásán. Ẹ bi í ní gbangba bóyá owó àárọ̀ kùtù wà nínú ohun tó dá lé yín. Bó bá ń wí tibí wí tọ̀hún, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nìyẹn. Láti Cape Coast sí ibẹ̀ tó kìlómítà 33, nítorí náà ẹni tó bá sùn ní Cape Coast, aago mẹ́rin ni kó dìde.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Aago mẹ́rin! Ẹyẹ wo nìyẹn?

Àǹtí Ẹlẹ́yẹ:
Agbe ni, àbúrò. Agbe tí a ti ń kọrin aró rẹ̀ láti kékeré, tí ọ̀pọ̀ wa kò fojú kàn rí. Nílẹ̀, ìdí rẹ̀ nìkan lẹ máa rí, torí òkè téńté ló ń gbé. Ní orí afárá yẹn, ó lè bà sórí ẹ̀ka tó ṣe déédéé ojú yín, kó máa sáré lórí ẹ̀ka náà bí ẹni ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn.

Afárá náà jẹ́ méje, a so wọ́n mọ́ àwọn igi ńláńlá. Gbogbo rẹ̀ gùn tó mítà 350, ibi tó ga jù sì tó mítà 40 sílẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 1995. Àṣìṣe tí àwọn àlejò ń ṣe ni pé àárín afárá ni wọ́n ń dúró sí. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé ẹsẹ̀, gbogbo afárá á mì, ohun tí awò bínókúlà yín ń wò á sì máa fò sókè sódò. Pákó tí wọ́n tẹ́ yí igi ká ni ibi ìdúró, ibẹ̀ nìkan náà lẹ ti lè gbé awò awọ̀nàjíjìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì lò tó wákàtí kan àbọ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò. Àwọn ẹyẹ kéékèèké máa ń rìn ní ọ̀wọ́ ni: ogún ìṣẹ́jú á kọjá láìsí nǹkan kan, lójijì oríṣi mẹ́wàá á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ti pákó kan bọ́ sí òmíràn kò ní bá wọn pàdé. Ti àgbìgbò ńlá, etí ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́ ọ, ẹ máa gbọ́ fùú-fùú ìyẹ́ apá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, oòrùn á mú, gbogbo ẹyẹ á dákẹ́.

Baba Awò:
Bínókúlà wo lẹ ní? 8x42 ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ fi 10x42 sílẹ̀ fún ọ̀dàn àti etí òkun. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìlọ́po tó fi ń sún nǹkan mọ́ni, ìkejì ni ìbú awò iwájú rẹ̀ ní mílímítà. Ẹ pín 42 sí ọ̀nà mẹ́jọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ojú yín fẹ̀ tó mílímítà 5.25. Ẹ pín in sí mẹ́wàá, ó di 4.2. Abẹ́ igbó ṣókùnkùn, ẹ máa mọ ìyàtọ̀ yẹn lára. Ẹ̀ẹ̀kejì: tẹ́ ẹ bá sun yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má jẹ́ kí bínókúlà sun ibẹ̀ pẹ̀lú yín. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde sínú ọ̀rinrin láàárọ̀, ojú rẹ̀ á ṣú fún ìdajì wákàtí, ìyẹn gan-an sì ni àkókò tí ẹyẹ ń jáde. Ilé ìwẹ̀ tí kò tutù ni kẹ́ ẹ gbé e sí mọ́jú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Baba, 10x42 ni mo ní o. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Baba Awò:
Má jù ú nù, ọmọ mi. Lórí afárá, ìmọ́lẹ̀ tó. Bonkro ni yóò ti yọ ọ́ lẹ́nu.

Ará Tema:
Ó dáa tẹ́ ẹ dárúkọ Bonkro. Ẹyẹ yẹn, Picathartes lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, kò ní irun kankan lórí. Awọ orí rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè, àmì dúdú róbótó kan wà lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan, àyà rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì ń tọ ni dípò kó máa fò. Ẹrẹ̀ ló fi ń mọ ìtẹ́ mọ́ ara àpáta, níbi tí àpáta ti ṣíji bolẹ̀ tí òjò kò lè kàn án, ìtẹ́ kan náà ló sì ń tún ṣe lọ́dọọdún. Ó tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni kò rí i ní Ghana, kí wọ́n tó tún rí i ní 2003.

Ọmọ abúlé ló ń mú èèyàn lọ, kódà tẹ́ ẹ bá ti ní amọ̀nà tiyín. Owó kan wà tó jẹ́ ti abúlé, ẹ má ná amọ̀nà yín lórí ìyẹn. Igbó tí àpáta yẹn wà, àárín oko wọn ni. Ẹyẹ tó ń mú owó wá lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ dáná sun ibi tó ń sùn.

Ìrìn náà kọ́kọ́ tẹ́jú, ó wá dà gẹ̀rẹ́ ní ìparí. Ọ̀sán ni ẹyẹ ń jẹ káàkiri, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń padà wá sùn, nítorí náà kí gbogbo yín ti jókòó níwájú àpáta ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ó lè dé ní mẹ́rin kọjá, ó sì lè má dé títí di ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má nawọ́ sí i, ẹ má wọ aṣọ funfun. Ẹ pa ohùn fóònù, ẹ bo iná ojú rẹ̀, fíláàṣì kò sì sí níbẹ̀ rárá. Àti tọ́ọ̀ṣì! Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀, òkùnkùn ni wọ́n sì fi ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ Lágbájá:
Tí kò bá tètè dé ńkọ́? Ṣebí amọ̀nà lè fi fóònù gbé ohùn rẹ̀ jáde kó lè wá.

Àǹtí Ẹlẹ́yẹ:
Ẹ má dán an wò! Ibi ìsùn rẹ̀ ni. Ẹyẹ tó bá gbọ́ ohùn yẹn á rò pé àjèjì ti wá gba ilé òun. Á fi ẹyin sílẹ̀ láti wá jà, tàbí kó má tiẹ̀ wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ẹ̀yin, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn mìíràn, níwájú àpáta kan náà.

Ọmọ Lágbájá:
Àǹtí, ẹ ti le jù. Nínú igbó tó dí, àwọn ẹyẹ kan wà tó jẹ́ pé bí a kò bá pè wọ́n, ohùn wọn nìkan la máa gbọ́ títí a ó fi padà sílé. Èèyàn kò lè san owó ọkọ̀ òfuurufú kó wá máa wo ewé.

Ará Tema:
Ẹ̀yin méjèèjì sọ òótọ́. Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ á pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lú ohùn kékeré, á sì pa á ní kété tí ẹyẹ bá ti dáhùn. Kò ní pè é nítòsí ìtẹ́. Ti Bonkro, rárá.

Ọmọ Lágbájá:
Ta ló máa ka ẹ̀ẹ̀mejì yẹn? Ẹni tó ń retí ẹ̀bùn ìdágbére?

Àǹtí Ẹlẹ́yẹ:
Ìwọ àlejò ni kó o kà á. Ìwọ lò ń sanwó.

Ọmọ Ọdẹ:
Ẹ ò sọ̀rọ̀ ìjàlọ. Ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ẹyẹ ilẹ̀ máa ń tẹ̀lé e láti ṣa kòkòrò tó ń sá fún un jẹ. Ìdajì wákàtí níbẹ̀ dára ju gbogbo fóònù tẹ́ ẹ ń jà lé lórí.

Bọ̀dá Mọ́kọ́lá:
Kí lẹ ń wá lọ Ghana gan-an? Inú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí, ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ Ibadan Malimbe, ìbátan ẹ̀gà ni, orí pupa, ara dúdú. 1958 ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀. Kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ọmọ Ògùn:
Bọ̀dá, a máa wá. Ṣùgbọ́n ẹyẹ àpáta kò sí ní Ìbàdàn.

Bọ̀dá Mọ́kọ́lá:
Ìkejì rẹ̀, èyí tí ọrùn rẹ̀ rí bí eérú, wà ní Cross River. Ilé náà ni.

Ará Erékùṣù:
Ẹni tó bá fẹ́ ìpèníjà, kó lọ São Tomé. Ẹyẹ bíi 28 ló wà ní àwọn erékùṣù São Tomé àti Príncipe tí kò sí níbòmíràn. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù, gúúsù ni wọ́n wà: ẹ máa la oko ọ̀pẹ Ribeira Peixe kọjá sí Monte Carmo, ẹ sì máa pàgọ́ sùn nínú igbó. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ṣùgbọ́n ìhà yẹn kì í gbẹ tán, ẹrẹ̀ ń gbé bàtà lọ. Bàtà òjò onírọ́bà tó dé orúnkún ni kẹ́ ẹ wọ̀. Grosbeak ibẹ̀, ẹyẹ kan tó lẹ́nu ńlá, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó tún rí i ní 1991.

Ọmọ Ògùn:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù: ìyá ọ̀kan nínú wa ń bá wa lọ, orúnkún ń dun màmá. Ṣé wọ́n lè gun gẹ̀rẹ́ Bonkro yẹn?

Ará Tema:
Wọ́n lè gùn ún bí ẹ kò bá kán wọn lójú. Ẹ gbéra ní aago kan dípò méjì, kí ọmọ abúlé gé ọ̀pá fún wọn, kí ẹnì kan sì wà lẹ́yìn wọn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún. Ẹ sọ ọ́ fún amọ̀nà báyìí, kó lè bẹ ẹnì kan sí i lọ́wẹ̀ ní abúlé kẹ́ ẹ tó dé.